Ìlà Mẹ́tàlélógún

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ju báyìí lọ:
ọ̀rọ̀ á ti orí fóònù àgbẹ̀ kan wá láti Ìdànrè,
orúkọ rẹ̀, iye kòkó tó wọ̀n, iye owó,
kí n gbà á, kí n ta á látaré
sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ra kòkó ní Oǹdó.
Ó parí.
Ọmọ ọdún méje tí ìyá rẹ̀ rán sí ilé kejì
mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Yàrá òkè ni mo wà, ní Àkúrẹ́, ọ̀nà Ọba Adésìdà,
ìsàlẹ̀ wa ni wọ́n ti ń lẹ táyà,
ẹ̀rọ vúkanáísà ń kùn bí ẹni tí inú ń bí.
Mo kọ ìlà mẹ́tàlélógún.
Mo lè kà wọ́n tán
kí gààrí inú ife mi tó wú.

Akínyòsóyè yọjú wo iṣẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ṣé ahéré lo fẹ́ kọ́ sójú títì?
Lo férémùwọ́ọ̀kì. Àwọn kan ti kọ́ ilé sílẹ̀,
yàrá wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́,
ìwọ kàn máa kó ẹrù wọlé ni."

Mo fà á wálẹ̀.
Ó jẹ dátà tí mo ní kó gbé mi dé ọjọ́ Jímọ̀.
Fódà mọ́kànlélógójì! Mo ṣí ọ̀kan, òmíràn wà nínú rẹ̀.
Mo ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan ṣoṣo yóò gbà kọjá
bí àlejò tó ń wá ilé ìgbẹ́ láàfin.
Ta ló mọ ògiri yìí? Kí ló dé tí fèrèsé yìí ò ṣeé ṣí?
Ilé tí mi ò bá wọn kọ́, bó bá jò lóru,
ibo ni n óò gbé àkàbà tì?

Mo padà sí ìlà mẹ́tàlélógún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jíṣẹ́ láìṣọ̀lẹ.
Lóru ọjọ́ Àìkú kan, òjò dé, iná lọ ní Oǹdó,
kọ̀ǹpútà ọ̀hún sùn.
Ìránṣẹ́ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan,
kò séni tó dáhùn,
ó da ọ̀rọ̀ náà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yí padà.
Kò tilẹ̀ sọ fún mi.

Ti Bàbá Bámitálẹ́ ni. Kòkó àpò mẹ́rin.
Ó pè mí láàárọ̀ Ọjọ́rú, ohùn rẹ̀ tutù,
ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù:
"Ọmọ mi, ṣé ẹ ò rí ohun tí mo fi ránṣẹ́ ni?
Wọ́n ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

Iṣẹ́ ẹrú la rán ni, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ,
mo ṣe bí èèyàn nìkan ni wọ́n ń bá wí.

Akínyòsóyè kò sọ pé, "Ṣé mo wí?"
Ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.
Ó ní ilé tòun mọ bí wọ́n ṣe ń dúró,
bí wọ́n ṣe ń padà lọ kanlẹ̀kùn;
ṣé mo fẹ́ tún un kọ́ fúnra mi ni?
Mo ronú títí vúkanáísà fi pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìlà mọ́kànlá ni mo fi kún un:
kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó o tó gbéra,
kanlẹ̀kùn, dúró, tún un kàn,
bó bá di ìgbà karùn-ún, wá jí mi.

Mo mọ̀. Bí mo ṣe ń fi ìlà kún ìlà yìí,
lọ́jọ́ kan èmi náà á ti kọ́ ààfin,
ẹni tó bá gbaṣẹ́ lẹ́yìn mi á máa wá ilé ìgbẹ́ kiri.
Bóyá ìgbà yẹn ni n óò pe Akínyòsóyè
pé kó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n lóru àná, aago méjì kọjá díẹ̀,
fóònù mi gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí.
Oǹdó ò dáhùn. Ìgbà karùn-ún.
Mo dìde, mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀,
obìnrin kan ní Ilé-Olújì, àpò méjì,
mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.